Òǹtẹ̀ Ẹgbẹ́ àti Ìwé Ẹ̀jẹ̀

Òkèrè, Warri,
Ìpínlẹ̀ Delta.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹwàá, 2023.

Ọmọ mi àtàtà, Olúwaṣìkẹ́mi Àbẹ̀kẹ́,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ Wàsíù, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní ipò àlàáfíà ní Niamey níbẹ̀, kí ara rẹ le koko, kí ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ń sọ náà ti wálẹ̀. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Màmá rẹ ní kí n kí ọ, ó ní kí o jìnnà sí iyọ̀. Orúnkún ṣì ń dà á láàmú, ṣùgbọ́n kò tíì dá a dúró láti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí.

Ameerah, ọmọ Ìlọrin tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù táyà mi ní Effurun, ni yóò mú lẹ́tà yìí wá pẹ̀lú oògùn rẹ. Oògùn oṣù mẹ́ta ni mo rà. Ó ní òun yóò gba Kọ̀tónù dé Malanville, ní bodè Benin àti Niger, pé bí wọ́n bá ṣì ti afárá pa, ọkọ̀ ojú omi ni àwọn èèyàn fi ń sọdá báyìí, pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Bí oògùn náà bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí Wàsíù pè mí lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan péré.

Mo mọ̀ pé ó yà ọ́ lẹ́nu pé mo kọ̀wé. Láti oṣù Kẹjọ ni mo ti ń bá ọ bínú, tí mo ń gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù màmá rẹ tí n kò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger lọ́hùn-ún, mo pè ọ́, mo pariwo. Mo ní olè ni ẹni tó bá fi ìbọn gba ìjọba, kí ECOWAS ti gbogbo bodè mọ́ wọn, kí wọ́n gé iná wọn, kí ebi pa wọ́n títí wọn yóò fi gbé ìjọba sílẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ìwọ àti oyún inú rẹ kò sí láàárín wọn. Mo tún kọ ọ́ sínú ìwé lórúkọ Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá, mo tẹ òǹtẹ̀ lé e, mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ rédíò kan. Wọ́n kà á. Inú mi dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ìwọ sì dá mi lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. O kọ́kọ́ fi Pidgin tù mí lójú bí ìṣe rẹ, "Daddy, no vex o." O ní ìwọ náà kò fẹ́ ìbọn. O wá bi mí pé nígbà tí ààrẹ Guinea yí òfin padà kí ó lè lọ lẹ́ẹ̀kẹta, ta ló ti bodè mọ́ ọn? O ní nígbà tí àwọn ológun Chad gbé ọmọ olóògbé gun àga bàbá rẹ̀, ṣebí àwọn èèyàn ńlá láti Yúróòpù wà lára àwọn tó jókòó síwájú níbi ìsìnkú. O ní, "Daddy, ṣé ohun tí èèyàn ṣe lẹ fi ń dá ẹjọ́ ni, àbí ẹni tó ṣe é?" Mo já fóònù mọ́ ọ létí. Mo ní ìwé àkàjù ti ba ọmọ mi jẹ́.

Ṣìkẹ́mi, jókòó kí n sọ ohun tí o kò mọ̀ fún ọ. Ní oṣù Kẹta ọdún yìí, kí ti Niger tó ṣẹlẹ̀ rárá, àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní Aladja, ọmọ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ irin láyé ọjọ́un, ti gbọ̀ngàn mọ́ alága wọn, Bàbá Obadiah. Ó ti lo sáà méjì tí òfin fún un, ó tún ń wá ẹ̀kẹta. Wọ́n pààrọ̀ àgádágodo, wọ́n gba òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni alága àpapọ̀ fún Warri àti agbègbè rẹ̀, èmi ni ẹjọ́ náà wá bá. N kò ránṣẹ́ pe Obadiah kí n gbọ́ tẹnu rẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo mọ òwe náà, mo kàn gbójú fò ó ni. Obadiah kò dìbò fún mi ní 2017, òun náà ló sì pè mí ní oníṣòwò táyà tí kò kàwé, níwájú àlejò. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀dọ́ náà pé ẹ kú iṣẹ́ àtúnṣe. Mo gbé páálí mínírà mẹ́fà lọ bá wọn, mo sì jó níbẹ̀.

Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, sáà kejì tèmi náà parí. Mo pe ìpàdé, mo ní kí a tún òfin ṣe díẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ yìí bí èmi. Ọwọ́ ni a nà sókè láti dìbò. Ṣùgbọ́n mo ti fi kún un tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì lo ọdún mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ nawọ́. Àwọn tí a ní kí wọ́n káwọ́ mọ́ra pọ̀ ju àwọn tó nawọ́ lọ, ojú mi sì rí i. A kà á, mo wọlé. Mo pè é ní ìjọba àwa-ara-wa, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

O mọ Láyí akọ̀wé wa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹsàn-án, òun àti nǹkan bí ogún ọ̀dọ́ pààrọ̀ àgádágodo gbọ̀ngàn wa ní Òkèrè. Wọ́n mú òǹtẹ̀ nínú dúróọ̀ mi, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn pé ìdìbò tí gbogbo ọwọ́ yóò wà nínú rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ohun tí àwọn ará Aladja ṣe gan-an ni wọ́n ṣe, kò lé, kò dín. Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn n kò rántí pé ó ń jẹ́ àtúnṣe. Mo pè é ní ìdìtẹ̀gbàjọba. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo tẹ Olóyè Adéyẹyè láago, olórí Ìgbìmọ̀ Àgbà tó wà lókè gbogbo ẹ̀ka, òun náà sì bínú gidigidi. Àga tirẹ̀ ti tó ọdún mẹ́rìndínlógún lábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ yé e. Ó ní kí n fi ìyà jẹ wọ́n bó bá ṣe wù mí, Ìgbìmọ̀ wà lẹ́yìn mi.

Ìyà wo ni mo mú? Ìwé ẹ̀jẹ̀ ni. O kéré nígbà tí wọ́n kọ orúkọ tìrẹ náà sínú rẹ̀, bóyá o ti gbàgbé. Àwa tí ẹbí wa wà ní Ìjẹ̀bú, ní Ọ̀yọ́, ní Ìlàjẹ, bí àìsàn bá dé sí wa ní Warri, kò sí àbúrò tí yóò sáré wá fún wa ní ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ fi ní kí gbogbo wa kọ orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù sínú ìwé kan. Ẹni tí àìní bá dé bá, alága yóò ṣí ìwé, yóò pe àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn bá tirẹ̀ mu. Alága nìkan ló ń ṣí i, kí àwọn tó ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣòwò má baà rí orúkọ èèyàn kó. Ìwé náà wà ní ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ tí wọ́n gba gbọ̀ngàn. Mo kéde pé ẹnikẹ́ni tó bá bá Láyí jókòó, n kò ní ṣí ìwé náà fún òun àti ará ilé rẹ̀, títí òǹtẹ̀ yóò fi padà sọ́wọ́ mi. Ọmọ mi, mo rò pé ìhàlẹ̀ lásán ni. Mo rò pé kò sí ẹni tí yóò ṣàìsàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọn yóò fi bẹ̀ mí.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù yìí, ní aago méjì ọ̀sán, Láyí fò sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Kò wọ bàtà. Bísí ìyàwó rẹ̀, tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ, ni ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ láti òwúrọ̀. Dókítà ní àfi kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un kíákíá, ṣùgbọ́n òun kò lè gbé ọ̀bẹ láìsí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀. O negative ni ẹ̀jẹ̀ Bísí. Kò sí ní ọsibítù náà, wọ́n sì ti pe ibi mẹ́ta mìíràn. Láyí dọ̀bálẹ̀ sínú epo dúdú tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Daddy, abeg, open the book. No look my face, look Bísí."

Mo bi í pé, "Òǹtẹ̀ mi dà?"

Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun, pé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Aladja ni àwọn gbé e pamọ́ sí. Ó ní òun yóò mú un wá lọ́la, lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́, kí n sáà ṣí ìwé. Mo ní kí ó lọ mú un wá. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo sọ. Lẹ́yìn náà ó sáré bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá, wọ́n yí padà, wọ́n forí lé ọ̀nà Udu. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe máa ń dí lọ́sàn-án.

Nígbà tó lọ tán, mo ṣí ìwé náà. Orúkọ mẹ́ta péré ló wà lábẹ́ O negative. Èkíní ni Cynthia, ọmọ Urhobo tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan fẹ́. Wọ́n ti kó lọ sí Asaba. Èkejì jẹ́ bàbá kan tí a sin lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀kẹta ni Ọlátẹ́jú. Mo ka orúkọ mi, mo tún un kà. Mo pa ìwé náà dé, mo gbé e lé itan mi, mo sì jókòó.

Ameerah tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Alága, kí lẹ wá ń dúró dè?" Mo dá a lóhùn pé òfin ni òfin, bí a bá gba ti ẹni tó fipá gba ipò lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹ̀ka ni yóò bàjẹ́. Ó ní, "Òfin tí ẹ kà fún àwọn ará Aladja ńkọ́?" Mo lé e lọ. Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ohùn tìrẹ tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi. O rántí ohun tí o sọ? O ní, "Daddy, I don go four chemist, the medicine no dey anywhere. They say border. But no worry." Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Orí mi gbóná, mo dìde, mo bú ECOWAS, mo bú àwọn ààrẹ wọn níkọ̀ọ̀kan. Mo ní ìkà ni wọ́n, mo ní kí ni ọmọ mi mọ̀ nípa ìbọn, kí ni oyún mọ̀ nípa ìjọba tí wọn yóò fi ti oògùn mọ́ bodè? Mo bú wọn tó bẹ́ẹ̀ tí oníbàárà kan fi yà sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ apá mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ ọ́.

Mi ò ní parọ́ fún ọ. Mo gbọ́ ohun tí mo ń sọ. Ó dún sí mi létí kedere bí ẹni pé èèyàn mìíràn ló ń bá mi wí. Síbẹ̀ n kò lọ. Mo padà jókòó. Mo ní kí ó kù díẹ̀, Láyí kò ní pẹ́ dé, kí n gba ohun tí ó jẹ́ tèmi ná.

Ó dé ní aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Òǹtẹ̀ náà wà nínú ọ̀rá dúdú. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí mi, ó ní, "Daddy, take am." Mo gbà á. Mo fi áńkáṣíìfù nù ún, mo tì í sápò. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé, "Èmi ni. Ẹ̀jẹ̀ mi ni O negative."

Láyí wò mí. Ó ní, "Na you? Since?"

Kẹ̀kẹ́ kan náà ló gbé wa dé ọsibítù. Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó fà á, ó sáré gbé e wọlé. Mo ń wo bí ó ṣe ń kún inú ọ̀rá náà, ó sì ń yá kíákíá; kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo tà nítorí òǹtẹ̀. Bísí yè. Ọmọ kò yè. Ọmọbìnrin ni, ó ti pé bí èèyàn, irun kún orí rẹ̀. Dókítà náà, ọ̀dọ́mọdé ni, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní, "Oga, if to say we start by three o'clock..." Ó rí ojú Láyí, ó yí padà wọlé.

Ní ọjọ́ Ajé, ìwé Olóyè Adéyẹyè tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dà á kọ síbí kí o lè rí i: "Ìgbìmọ̀ Àgbà bá Alága wa yọ̀ pé ìjọba àwa-ara-wa ti padà sí Warri láìsí ìtàjẹ̀sílẹ̀. Ìyà tí ẹ fi lélẹ̀ ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. A ó máa fi yín ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ẹ̀ka yòókù." Mo kà á lórí ìdúró, mo jókòó sórí táyà, mo tún un kà.

Ṣìkẹ́mi, má ṣe rò pé mo ti wá fẹ́ràn ológun. Mo gbé ayé wọn, ìwọ kò gbé e. Mo ti dọ̀bálẹ̀ lójú títì nítorí pé kẹ̀kẹ́ mi kọjá níwájú sójà. Wọ́n burú. Ohun tí mo wá rí ni pé bí nǹkan bá burú, kí ó burú nílé gbogbo èèyàn. Kí ó má jẹ́ pé bó bá ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí a kórìíra a ó gbé mínírà lọ, bó bá kàn wá a ó ti ìwé ẹ̀jẹ̀ pa. Ẹni tó sì ń yí òfin padà nínú yàrá, tó tẹ ọwọ́ àwọn ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà nà án, òun náà ti gba ìjọba, kò kàn lo ìbọn ni. O ti sọ èyí fún mi ní oṣù Kẹjọ. Ká ní mo gbọ́ ni, bóyá à bá ti sọ ọmọ kan lórúkọ ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí.

Mo ti lọ sí ilé Láyí lẹ́ẹ̀mejì. Kò ṣílẹ̀kùn. Lẹ́ẹ̀kejì mo gbọ́ ohùn Bísí nínú ilé, ó ń sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí Daddy wọlé, Láyí kò gbà. N kò dá a lẹ́bi. Mo ti gbé ìwé ẹ̀jẹ̀ fún Wúrà, nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, mo ní kí ó máa ṣí i fún ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ì báà jẹ́ ẹni tó jó gbọ̀ngàn níná. Mo lọ bá Obadiah ní Aladja, mo tọrọ àforíjì. Ó rẹ́rìn-ín mi, ó ní kí n jókòó jẹun. Ní ìpàdé ọ̀la, mo fẹ́ gbé òǹtẹ̀ sórí tábìlì, kí n ní kí gbogbo ọwọ́ nà, kí orúkọ tèmi má sì sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ ka ìwé Adéyẹyè sí wọn létí, kí n sì sọ ohun tí a fi ra ìjọba àwa-ara-wa náà padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́, lo oògùn yìí bí dókítà ṣe wí. Má kọ̀ ọ́ nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ burúkú dá ọ lóhùn. Bí obìnrin mìíràn bá wà ládùúgbò rẹ tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ wọ́n fún, pín fún un, n ó wá òmíràn. Kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, kí o bí tibi tire. Kí ẹkún ọmọ dún nínú ilé rẹ, kí ó dún dáadáa. Kí bodè ṣí, kí n fi ọwọ́ ara mi gbé ọmọ náà kí irun orí rẹ̀ tó gùn. Kí ilé tí o wà tù ọ́, kí ìlú tí o wà má gbóná mọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó jẹ ọ́ ní gbèsè àforíjì,

Ọlátẹ́jú.

Àfikún: Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, wọ́n ní kí n dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní ẹ wo ẹni tó fi ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ gba ìyàwó ọ̀tá rẹ̀ là, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, màmá rẹ sì jó dé iwájú pẹpẹ. Kò mọ èyí tó ṣáájú nínú òǹtẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀. Mo dìde, mo sì jẹ́ kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Yóò sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, yóò gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún ọ ní ọkàn bíi ti bàbá rẹ. Jọ̀wọ́, Àbẹ̀kẹ́, má ṣe àmín.